Òkúta Tí Ẹ Fi Ń Dán Òṣùwọ̀n Wò

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí inú ń bí mi sí,

N ò ní fi "mo lérò pé àlàáfíà ni ẹ wà" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, nítorí mo mọ èsì yín. Ẹ máa ní kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ àbúrò Màmá nílùú òyìnbó, èsì kan náà ni, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ẹ sì pè mí. "Bàbá mi, báwo ni ara yín?" "Kò séwu lóko, àfi gìrì àparò." N ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ àparò nígbà yẹn. Ìgbà tí mo padà wálé ni mo tó rí ẹyẹ náà, tó fò gìrì lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi lọ́nà oko yín, tí àyà mi já. Mo dúró sójú kan náà, mo bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ni mo ń bá jà láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ wò ó, Yorùbá ni mo fi ń kọ̀wé sí yín. Ṣé ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn? Tí mo bá fi òyìnbó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí yín, Yorùbá lẹ máa fi dá a padà, gbogbo àmì rẹ̀ pé lórí, bí ẹni pé ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì, bí ẹni pé ẹ ṣì dúró síwájú pátákó ní kíláàsì yín. Tí mo bá wá gbìyànjú láti fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ ó tún un kọ látòkè délẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́ padà, ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Ó máa ń bí mi nínú. Ní báyìí kò sí ẹni tó máa tún eléyìí kọ fún mi, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún yín. Mo gba yàrá kan ní Ajíbọ́dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, mo sì wà lára àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n. Kì í ṣe òṣùwọ̀n kòkó. Ìbànújẹ́ la fẹ́ máa wọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ni a kó jọ, tí a ó máa bi àwọn àgbàlagbà ní àwọn abúlé. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye tó bá jáde ni yóò sọ bí ọkàn ẹni náà ṣe wúwo tó. Abúlé tí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé ìbànújẹ́ wúwo níbẹ̀ ni wọn yóò rán nọ́ọ̀sì kan sí, èyí tó kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Abúlé wa wà lára ibi tí a kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ilé ìwòsàn wa: yàrá kan, bẹ́ǹṣì kan, àti ẹnìkan tó ń ti Akanran wá bí òjò ò bá ba ọ̀nà jẹ́.

Ìyá Sikirat ni mo torí rẹ̀ fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn wá. Ìyá Sikirat yín, tí oko wọn àti tiyín jọ pààlà, tí wọn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí ẹ fi lọ. Sikirat ti kú, Bàbá mi. Bóyá ẹ ti rí i lọ́hùn-ún, n ò mọ̀. Ìrọbí ló mú un, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí Akanran, wọn ò débẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti gbẹ bí ẹja orí àjà. Orúkọ ọmọ tó kú yìí náà ni gbogbo wa ṣì ń fi pè wọ́n láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Sikirat." Wọn á ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Èmi fúnra mi ni mo gbé ìbéèrè lọ bá wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn àti àwọn obìnrin ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ta ló ń dá jókòó lábúlé wa?

"Mà, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ìgbà mélòó ni ìbànújẹ́ bá yín?"

"Ìbànújẹ́ kẹ̀? Ìbànújẹ́ ò ní jẹ́ tiwa o."

"Àmín," ni àwọn yòókù dáhùn. Ọ̀bẹ ò dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé kí n kọ 'rárá,' mà?"

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa."

"Ìgbà mélòó ló ṣe yín bíi pé ayé ti sú yín?"

"Háà, ọmọ Tíṣà! Ta ló rán ẹ sí mi? Ayé ò ní sú wa. Ayé á máa dùn mọ́ wa lẹ́nu bí oyin ni."

"Àmín o!"

"Ìgbà mélòó ni oúnjẹ ò lọ lẹ́nu yín?"

"À á jẹun pẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun wa ò ní dí."

"Àmín, àmín!"

Ọ̀kan nínú wọn na ọ̀bẹ sí mi. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé kò sí ìbéèrè rere kankan nínú nǹkan tó o gbé dání yẹn ni? Gbogbo ẹ̀ ń dún bí èpè!"

"Èpè òyìnbó ni," ni ẹlòmíì wí. "Kì í jà ní ilẹ̀ yìí."

Wọ́n fi mí ṣe ẹ̀rín títí. Ìyá Sikirat náà rẹ́rìn-ín. Èmi sì jókòó, mo ń kọ rárá, rárá, rárá, títí dé ìsàlẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ta ló máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi wá sílé? Gbogbo ìbéèrè tí mo bi wọ́n di àdúrà, gbogbo àdúrà sì ní àmín tirẹ̀.

Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ mọ ẹni tí òṣùwọ̀n wa sọ pé inú rẹ̀ dùn jù lọ ní gbogbo abúlé? Ìyá Sikirat.

Inú ọ̀gá wa dùn ju ti Ìyá Sikirat lọ. Ọ̀mọ̀wé obìnrin ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. "Ẹ wò ó," ni wọ́n ń sọ fún wa, "kò sí ìdáhùn kan tó ta ko èkejì. Ẹni tó ní rárá lókè, rárá náà ló ní nísàlẹ̀. A padà lọ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun kan náà ni wọ́n tún wí. Òṣùwọ̀n wa dúró ṣinṣin. Ó ti hàn pé abúlé yìí ò nílò nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n gbé e lọ síbòmíì."

Bàbá mi, n ò rí ọ̀gá wa mọ́. Oníkòkó yẹn ni mo ń rí.

Ẹ rántí òkúta yín? Mo ṣì kéré, Màmá ṣì wà láyé, ẹ ò tíì rán mi lọ. Tí àwọn tó ń ra kòkó bá dé, tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wọn kọ́, ẹ kì í gbé àpò kòkó yín fún wọn. Òkúta dúdú yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbé fún wọn. Ẹ ti lọ wọ̀n ọ́n níbi tó dá yín lójú, ẹ mọ bó ṣe wúwo tó. "Kó o tó wọn kòkó mi, wọn eléyìí ná." Tí òṣùwọ̀n wọn bá parọ́ lórí òkúta, ẹ ó gbé àpò yín padà sínú ilé. Ní ọdún kan, ọ̀kan nínú wọn gbé òṣùwọ̀n kan wá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti há. Àpò ńlá, àpò kékeré, ojú kan náà ló ń dúró. Ọkùnrin náà ń yangàn pé òṣùwọ̀n òun kì í yẹsẹ̀. Ẹ ní, "Aago tó ti kú náà kì í yẹsẹ̀." Gbogbo ojúde hó. Èmi náà hó, n ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń hó sí.

Mo ti wá mọ̀ ọ́n. Mo lọ sílé wa. Òkúta náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun ni wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú. Mo jù ú sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì, mo gbé e lé orí tábìlì ọ̀gá wa.

Délé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣé o fẹ́ sọ wá lókùúta ni? Ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀?"

"Gbé ìdọ̀tí yìí kúrò lórí tábìlì mi," ni ọ̀gá wa wí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n wa wọn ohun tí a ti mọ̀. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Òṣùwọ̀n wa ní òun ni inú rẹ̀ dùn jù."

"Bóyá Ọlọ́run ti tù ú nínú ńkọ́?"

"Ó ti rù kan egungun, mà."

"Ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn."

"Gbogbo opó tó wà lábúlé náà ni mo yẹ̀ wò, mà. Bákan náà ni wọ́n ṣe jáde. Ẹni tó sin ọkọ àti ẹni tó ń ṣègbéyàwó ọmọ, ojú kan náà ni abẹ́rẹ́ dúró sí."

Wọ́n yọ jígí ojú wọn. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ tó jẹ́ pé àná lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá padà, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀?"

Ó dùn mí dénú egungun, Bàbá mi. Ẹ mọ̀ pé ojú mi kì í pẹ́ yọ omi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni etí mi ṣe ṣí sí i, mà."

Délé wo ilẹ̀. Ọ̀gá wa dá jígí wọn padà sójú. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìròyìn ò tíì lọ. Mú ìbéèrè tìẹ lọ bá wọn. Tó o bá mú ìyàtọ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, a ó wò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní gbé nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, n ò sì fẹ́ rí òkúta kankan níbí mọ́."

Ìbéèrè wo ni mo fẹ́ mú lọ? Mo jókòó sí Ajíbọ́dé, mo ń bínú, n ò rí nǹkan kan kọ. Mo wá ṣí fóònù mi, mo ń ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yín, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ní oṣù tí ẹ lò gbẹ̀yìn láyé, ẹ ò tún Yorùbá mi kọ mọ́. Mo kọ játijàti sí yín, àmì ò sí, ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ara wọn, ẹ kàn ní "O ṣé, ọmọ mi." Nígbà yẹn, mo rò pé mo ti gbọ́ Yorùbá ni. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún àbúrò Màmá. Ẹnu yín ń sọ pé kò séwu, ọwọ́ yín sì ti dákẹ́, èmi ò sì gbọ́ ìdákẹ́ náà.

Nítorí náà, n ò bi ọkàn ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni mo lọ bi. Kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ ti fi sílẹ̀? Ọ̀nà wo ni ẹ kì í gbà mọ́? Ta ló ń bá yín ṣe ohun tí ẹ máa ń dá ṣe? N ò sì béèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àmín ti pọ̀. Ojú ọ̀nà oko ni mo ti ń bá wọn rìn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Sikirat ru agbọ̀n wọn, èmi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

"Mà, kí lẹ máa ń ṣe láàárọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ kì í ṣe mọ́?"

"Mo máa ń gbá ojúde. Àwọn ọmọ ló ń gbá a báyìí."

"Oko ńkọ́?"

"Mo ń débẹ̀. Mo kàn máa ń jókòó sábẹ́ ọsàn ni. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mo dìde, mo bọ̀ wálé."

"Ọjà Akanran?"

"N ò gba ọ̀nà yẹn mọ́."

"Ẹ ṣì ń dáná?"

"Mo ń dá a. Mo máa ń bu ti Sikirat sábọ́ kí n tó rántí. Màá tún dà á padà sí ìkòkò."

Bí ẹni tó ń sọ iye ata ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n kò séwu, ọmọ mi. Alihamudulilahi."

Wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀ lábẹ́ ọsàn, wọ́n wò mí. "Ìbéèrè yìí dára ju ti ọjọ́sí lọ. Ká ní o ti bi bàbá ẹ bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti fi àdá sílẹ̀."

"Wọn ò sọ fún mi, mà."

"Báwo ni wọ́n á ṣe sọ fún ẹ? Ṣé o mọ̀ pé tó bá ti tó àkókò tí wọ́n máa pè ẹ́, wọ́n á ní ká gbé àwọn jókòó? Èmi àti Sikirat la máa ń gbé wọn. À á fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ mí, wọ́n á tún mí, kí wọ́n tó tẹ fóònù. Wọ́n ní ohùn ẹni tó dùbúlẹ̀ máa ń yàtọ̀, o ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí oníkòkó fi ìka ti òṣùwọ̀n, ẹ̀yin lẹ fi ìrọ̀rí ti tèmi.

Kí ló dé? Kí ni mo ṣe fún yín? Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń bi yín, kò sí èyí tí mo fò. Ṣé ẹ rò pé màá já nínú ìdánwò ni? Ṣé ẹ rò pé owó ọkọ̀ òfuurufú ni màá máa wá kiri? Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé ká ní ẹ tètè wá, ọwọ́ ì bá ká àìsàn náà. Ẹ lọ sọ fún ẹni tó ń ti Akanran wá sílé ìwòsàn wa pé inú kàn ń run yín díẹ̀. Díẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n fèsì sí ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n! Ṣé ó máa ń dùn yín tí wọ́n bá ń gbé yín dìde? Ní ọjọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù òtútù àti bàtà tuntun fún yín, tí mo ń rojọ́ títí, ṣé ẹ ń di ìrọ̀rí mú? Tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ṣé wọ́n á tún dá yín dùbúlẹ̀? Kí lẹ máa ń sọ fún Sikirat?

N ò rí ẹni bi. Sikirat náà ti lọ.

Mo gbé ìdá­hùn gbogbo wọn dé ọ́fíìsì. Abẹ́rẹ́ kúrò lójú kan, Bàbá mi. Àwọn opó wúwo. Ìyá Sikirat wúwo ju gbogbo wọn lọ. Àwọn tí ilé wọn tòrò fúyẹ́. Ọ̀gá wa jókòó tì í títí tíì wọn fi tutù. Mo na ọwọ́ láti gbé òkúta mi, kí n máa lọ. Wọ́n ní, "Fi í síbẹ̀."

Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ìròyìn tó ní abúlé wa ò ní ìbànújẹ́ ò lọ mọ́. A ó gbé ìbéèrè tuntun lọ sí ọ̀nà Ìjàyè àti Lágelú, ká tún dán an wò níbẹ̀, nítorí ibi tí òṣùwọ̀n kan ti sọ òótọ́, ó lè parọ́ níbòmíì. Nọ́ọ̀sì ò tíì dé. Ìyá Sikirat ṣì ń jókòó sábẹ́ ọsàn. Mo máa ń lọ bá wọn jókòó ní àwọn ọjọ́ tí àyè bá gbà mí, n kì í béèrè nǹkan kan.

Inú mi ò tíì rọ̀. Kí ẹ má rò pé ó ti rọ̀.

Ó ku ohun kan. Àwa tí a ṣe ìbéèrè ni a kọ́kọ́ máa ń dáhùn rẹ̀ kí a tó gbé e lọ síbòmíì. Délé ló bi mí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. "Kí lo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó o ti fi sílẹ̀?" Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu? Kò séwu lóko. Ó ti dé orí ahọ́n mi, Bàbá mi, ohùn yín gan-an ni. Mo gbé e mì.

Mo sọ fún un pé n kì í gbé fóònù ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn mọ́, ẹni yòówù kó pè. Pé mo máa ń pa á, màá sì dùbúlẹ̀. Pé n ò tíì wọ inú yàrá yín láti ìgbà tí mo ti dé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti gbé òkúta, mo sì yí padà. Délé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún mi ní iye tó tọ́ sí mi. Ó wúwo.

Ó dáa, èmi ti dáhùn tèmi. Ìdùbúlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí, kí ẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ewu wà lóko, Bàbá mi. Ewu wà lóko. Kì í ṣe àparò.

Èmi ni ọmọ yín, tí ì bá ti wá gbé yín dìde fúnra rẹ̀.